Kànga Wo Ni Wọ́n Ti Pọn Ìjà Yìí?

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà báyìí tí ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì kan ti ń dún létí mi. Mo lè máa ṣa ìrẹsì lọ́wọ́, kó dún. Mo lè wà nínú mọ́tò tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá wa dúró sí Mókọ́lá, kó tún dún. Gbólóhùn kan péré ni, obìnrin náà kò sì gbé ohùn sókè tó fi sọ ọ́. Òwú wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú egbò ló ń nù, kò tilẹ̀ wo ojú mi. Ó ní, "Ẹ̀kẹta rèé lóṣù yìí láti ibì kan náà."

Apá àbúrò mi ni egbò náà wà. Ọmọ àbúrò ìyá mi ni, ṣùgbọ́n inú ilé kan náà la ti dàgbà, abọ́ kan náà la ti jẹun, n kò mọ ohun mìíràn tí mo lè pè é. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni. Fóònù ló ń tún ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan níbí ní Ìbàdàn. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ wo bọ́ọ̀lù nílé ọtí kan tó wà ní oríta àdúgbò wa. Ó dìde lọ tọ̀; kó tó dé, ẹlòmíì ti jókòó sórí àga rẹ̀. Ọ̀rọ̀ di ariwo, ariwo di ìjà. Ẹnì kan fọ́ ìgò mọ́ etí tábìlì, àfọ́kù rẹ̀ sì la apá àbúrò mi láti ìgúnpá dé ìtòsí ọrùn ọwọ́.

Nítorí àga. Ọ̀dọ̀ ìyá oníyán kan náà ni òun àti ẹni tó gún un ti ń jẹun lọ́sàn-án.

## Ìbéèrè mẹ́ta

Ọsibítù àkọ́kọ́ tí a gbé e dé, ẹnu géètì la ti pàdé ọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí a lọ mú ìwé wá láti àgọ́ ọlọ́pàá ná. Aṣọ tí a fi di apá rẹ̀ ti rin gbindin fún ẹ̀jẹ̀. Ọlọ́kadà tó gbé wa kò dúró gbọ́ àlàyé, ó yí orí ọ̀kadà padà, ó ní òun mọ ibòmíì. Kí Ọlọ́run bá mi bù kún ọkùnrin náà níbikíbi tó bá wà.

Ibi kejì gbà wá. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló wà lẹ́nu iṣẹ́, irun rẹ̀ ti ń funfun lábẹ́ fìlà. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ló ń bi mí léèrè. Kí ni wọ́n fi gún un? Níbo ló ti ṣẹlẹ̀? Aago mélòó? Inú bí mi. Mo rò pé òfófó lásán ni. Mo ní, "Mọ̀mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tọ́jú rẹ̀ ná." Kò bínú. Ó kàn ń tò ó jọ lábẹ́ ètè bí ẹni tó ń ka owó ọjà: "Ìgò ni. Oríta yẹn ni. Aago mẹ́wàá ti kọjá." Lẹ́yìn náà ló wá sọ gbólóhùn yẹn.

Mo dákẹ́. Títí di ìṣẹ́jú yẹn, ohun tó wà lọ́kàn mi ni ìkà ọmọ tó di ìgò mú, àti orí tó kọ̀ láti gbe àbúrò mi lọ́jọ́ náà. Ìtàn ènìyàn méjì ni mo rò pé mo wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹ̀kẹta, a jẹ́ pé àga kọ́. A jẹ́ pé ohun kan wà ní oríta yẹn tó ń bí ìjà, tí yóò sì tún bí òmíràn lóṣù tó ń bọ̀ bí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn án. Mo bi í pé, "Mọ̀mí, ta lẹ ti sọ fún?"

Ó gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ta ni kí n sọ fún?" Ó sì lọ bá ẹni tó kàn.

Kí a tó kúrò níbẹ̀, mo rí ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ orúkọ aláìsàn sí. Ní ìlà àbúrò mi, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ni wọ́n kọ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ ohun tó ṣe é: pé wọ́n ṣe é léṣe. Kò sí ibi tí wọ́n ń kọ oríta sí. Kò sí ti ìgò, kò sí ti aago. Ohun tí nọ́ọ̀sì yẹn mọ̀, inú orí rẹ̀ nìkan ló wà. Bó bá fẹ̀yìn tì lọ́la, ó bá a lọ sílé nìyẹn.

## Wolé-wolé

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà lọ́dọ̀ ìyá àgbà, ẹ ó rántí wolé-wolé. Bí wọ́n bá ti rí i lókèèrè, gbogbo ilé á máa da omi ìkòkò nù, nítorí bó bá rí tanwíjí nínú rẹ̀, owó ìtanràn dé. A máa ń sá fún un bí ẹni ń sá fún agbowó-orí, àmọ́ ọgbọ́n wà nínú iṣẹ́ rẹ̀. Kì í dúró de ibà. Bí onígbáméjì bá sì bẹ́ sílẹ̀, kì í bi aláìsàn pé ẹ̀ṣẹ̀ wo lo ṣẹ̀. Ohun tó ń bi gbogbo agbo ilé ni pé, kànga wo lẹ ti ń pọnmi?

N kò tíì rí ẹni tó béèrè kànga ìjà. Bí wọ́n bá gún ènìyàn, ìbéèrè wa kò ju ọ̀kan lọ: ta ló gún un? Ó yẹ kí a béèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná, èékánná la sì ń fọ̀ láti ọjọ́ yìí wá.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Ní 1996, ìpàdé àpapọ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé ní Geneva fẹnu kò pé ìwà ipá wà lára olórí ìṣòro ìlera aráàlú káàkiri ayé. Ní 2002, wọ́n gbé ìwé ńlá jáde lórí rẹ̀, Nelson Mandela ló kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí i. Ẹ gbọ́ iye tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣírò: ní 2021 nìkan, bí 458,000 ènìyàn ni ènìyàn ẹgbẹ́ wọn mọ̀ọ́mọ̀ pa. Ó tó ènìyàn 52 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, bí mẹ́jọ nínú mẹ́wàá wọn sì jẹ́ ọkùnrin. Àwọn tí wọ́n gún tí wọn kò kú, bí àbúrò mi, kò sí nínú òǹkà yẹn. Bó bá jẹ́ onígbáméjì ló ń pa tó báyìí, rédíò ì bá máa pariwo rẹ̀ láràárọ̀.

## Ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀

Bí mo ṣe ń wá kiri lórí fóònù ni mo kan Cardiff, olú-ìlú Wales. Dókítà kan wà níbẹ̀, Jonathan Shepherd, oníṣẹ́ abẹ ojú àti àgbọ̀n. Ojú tí ìgò àti ife ọtí ti ya wà lára ohun tó ń rán. Nígbà tó fi iye àwọn tó ń wá sí ilé ìwòsàn wé iye tó wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá, ó rí i pé ọ̀pọ̀ ìjà tó dé ọ̀dọ̀ dókítà ni ọlọ́pàá kò gbọ́ rárá. Ẹlòmíì ń bẹ̀rù ẹni tó gún un. Ẹlòmíì kò fẹ́ kí wọ́n bi òun ní ohun tó gbé òun débẹ̀. Ṣùgbọ́n egbò ní tirẹ̀ kò mọ ìtìjú. Dandan ni kí wọ́n rán an.

Ohun tí wọ́n wá ṣe rọrùn débi pé ó dùn mí. Wọ́n ní kí akọ̀wé tó ń gba aláìsàn wọlé ní ẹ̀ka pàjáwìrì máa béèrè: níbo gan-an, aago mélòó, kí ni wọ́n fi ṣe é? Wọ́n á yọ orúkọ kúrò, wọ́n á kó ìyókù jọ, wọ́n á sì gbé e fún ìgbìmọ̀ kan tí dókítà, ọlọ́pàá àti ìjọba ìlú jọ jókòó sí. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ ẹnu ọ̀nà ilé ọtí tó yẹ kí ọlọ́pàá wà, àti òpópónà tó yẹ kí wọ́n dí mọ́ mọ́tò kí àwọn tó ń jáde lóru lè ríbi rìn. Ife onígíláàsì tó ń di àfọ́kù lójú ìjà, wọ́n fi oníke rọ́pò rẹ̀ láwọn ibì kan.

Ìbéèrè mẹ́ta kan náà ni. Mo kà á tán, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo jókòó jẹ́ẹ́. Ohun tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe ní Cardiff, obìnrin kan ń fi orí lásán ṣe é ní Ìbàdàn, èmi ni mo sì fẹ́ pa á lẹ́nu mọ́.

Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2011 fi Cardiff wé ìlú 14 mìíràn tó jọ ọ́. Nínú ènìyàn 100,000 ní Cardiff, bí 7 ni ìjà ń gbé dùbúlẹ̀ sí ọsibítù lóṣù kan kí ètò náà tó bẹ̀rẹ̀. Ó wálẹ̀ sí 5. Láwọn ìlú yòókù, láàárín àkókò kan náà, ó gòkè láti 5 sí 8.

Ọjọ́ kejì tí mo ka èyí ni mo lọ wo oríta wa lọ́sàn-án gangan, bí wolé-wolé. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí mo ti ń kọjá níbẹ̀, n kò wò ó rí. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọlé, òun náà ló jáde, kò sì gba ènìyàn méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bèbè ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lọ tọ̀ ni wọ́n to kéréètì òfìfo ìgò sí, ó ga tó àyà mi, ní gbangba, ẹnikẹ́ni lè na ọwọ́ mú ọ̀kan. Gílóòbù tó wà lára òpó ti jó. Àga ogún ni mo kà. Lọ́jọ́ bọ́ọ̀lù, ó máa ń tó ọgọ́ta ènìyàn tó ń wò ó.

## Tíì àti búrẹ́dì

Ohun kejì tó ṣẹlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, n kò kà á sí nǹkan nígbà tó ń ṣẹlẹ̀.

Mẹ́rin nínú àwọn ọ̀rẹ́ àbúrò mi tẹ̀ lé wa wá sí ọsibítù. Inú kọ́rídọ̀ ni wọ́n wà, wọn kò jókòó. Mo gbọ́ tí ọ̀kan ń sọ sórí fóònù pé, "Ṣé wọ́n ṣì wà níbẹ̀? Ẹ má jẹ́ kí wọ́n lọ." Ojú wọn ti pọ́n. Mo mọ ohun tó ń bọ̀, ẹnikẹ́ni tó dàgbà sí àdúgbò wa mọ̀ ọ́n. Ẹnu mi wúwo, nítorí nísàlẹ̀ ikùn mi lọ́hùn-ún, èmi náà fẹ́ kí wọ́n lọ. Òótọ́ nìyẹn, n kò lè fi í pa mọ́.

Bàbá onílé wa ló dé. Dírẹ́bà ọkọ̀ akẹ́rù ni kó tó fẹ̀yìn tì, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Kò wàásù rárá. Ó kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi orúkọ bàbá wọn pè wọ́n. Ó gba kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà méjèèjì lọ́wọ́ wọn, ó ní òun fẹ́ rán ẹnì kan níṣẹ́, ó sì tì í bọ àpò. Ó rán ẹnì kan lọ́dọ̀ onítíì tó wà ní ìta: tíì, búrẹ́dì àti ẹyin díndín fún ènìyàn mẹ́fà. Nígbà tí wọ́n tún fẹ́ dìde, bàbá náà wò wọ́n. Ó ní, "Ṣé ẹ fẹ́ kí n dọ̀bálẹ̀ fún yín ni?" Ó sì ń tẹ̀ba lóòótọ́. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sáré gbá a mú. Ta ló fẹ́ kí irú àgbà bẹ́ẹ̀ dọ̀bálẹ̀ fóun?

Ó padà jókòó. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ ná kí ẹ tó bínú."

Ilẹ̀ mọ́. Ìbínú náà ṣì wà, ṣùgbọ́n oorun ti wọ̀ ọ́ lójú. Méjì nínú wọn ti sùn lọ lórí bẹ́ǹṣì.

Dókítà kan wà ní Amẹ́ríkà, Gary Slutkin, tó ti bá ikọ́ ẹ̀gbẹ jà ní San Francisco, tó sì ti bá onígbáméjì jà láàárín àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Somalia. Nígbà tó padà sí Chicago láàárín ọdún 1990 sí 2000, ó wo máàpù ibi tí wọ́n ti ń yìnbọn, ó sì rí i pé ó jọ máàpù onígbáméjì: ó ń ṣù jọ sójú kan, ọ̀kan ń bí èkejì. Ẹni tí wọ́n bá yìnbọn mọ́ lónìí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń di ìbọn mú lọ́la. Ní 2000, ètò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní àdúgbò West Garfield Park. Wọ́n gba àwọn ọmọ àdúgbò fúnra wọn síṣẹ́, títí kan àwọn tó ti ṣẹ̀wọ̀n rí, pé kí wọ́n máa lọ bá ẹni tí inú ń bí kó tó gbé ìbọn, kí wọ́n sì jókòó tì í títí ara rẹ̀ yóò fi rọ̀. Lọ́hùn-ún, wọ́n ń san owó oṣù fún irú iṣẹ́ bàbá onílé wa.

Scotland ló yà mí lẹ́nu jù, nítorí ọlọ́pàá ló bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Ní 2005, ọlọ́pàá Strathclyde dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ ní Glasgow tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dín ìwà ipá kù. Karyn McCluskey àti John Carnochan ló wà nídìí rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní gbangba pé ẹ̀wọ̀n nìkan kò lè tán an. Ní 2008, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ọmọ ẹgbẹ́ jàǹdùkú wá sí ilé ẹjọ́, láìjẹ́ pé wọ́n fẹ́ dá wọn lẹ́jọ́. Dókítà á ṣàlàyé ohun tí ọ̀bẹ ń ṣe lára ènìyàn. Ìyá tí wọ́n pa ọmọ rẹ̀ á dìde sọ̀rọ̀. Ọlọ́pàá á sọ fún wọn pé a mọ̀ yín. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n á fún wọn ní nọ́ńbà tí wọ́n lè pè bí wọ́n bá fẹ́ iṣẹ́ tàbí ẹ̀kọ́. Nígbà tó yá, wọ́n fi ènìyàn sí ẹ̀ka pàjáwìrì ọsibítù pàápàá, pé kó máa bá ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gún sọ̀rọ̀ níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Inú kọ́rídọ̀, bíi tiwa. Iye àwọn tí wọ́n pa ní gbogbo Scotland lé ní 130 lọ́dún 2004 sí 2005. Ní 2019 sí 2020, kò tó 70.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní mo fẹ́ bo ọ̀daràn láṣìírí, pé bí a bá pe ìjà ní àìsàn, ẹni tó gún ènìyàn á di aláìsàn tí a ń kẹ́. Rárá o. Ẹni tó la apá àbúrò mi gbọ́dọ̀ jẹ́jọ́, mo sì fẹ́ kó jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n bí a bá tì í mọ́lé lónìí, òfìfo ìgò ṣì wà lẹ́bàá ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lọ tọ̀ lálẹ́ ọ̀la.

## Ìwé ọlọ́pàá

Ọ̀rọ̀ géètì ọsibítù àkọ́kọ́ yẹn kò gùn. Abala 20 nínú òfin ìlera Nàìjíríà ti 2014 sọ pé ilé ìwòsàn kò gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, ohun yòówù kó fa á. Ní 2009, nígbà tí wọ́n yìnbọn fún akọ̀ròyìn Báyọ̀ Ohu nílé rẹ̀ ní Èkó, ìròyìn tó gbalẹ̀ ni pé ilé ìwòsàn tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e dé béèrè ìwé ọlọ́pàá, ó kú. Òfin mìíràn wá jáde ní 2017 lórí ọta ìbọn ní pàtó: ẹ tọ́jú rẹ̀, ìwé wà o, ìwé ò sí o, kí ẹ sì fi tó ọlọ́pàá létí láàárín wákàtí méjì. Ẹ há a sórí, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á. Bí wọ́n bá dá yín dúró lẹ́nu géètì, ẹ pe òfin náà lórúkọ: abala 20, òfin ìlera ti 2014.

## Apá, itan

N kò lè ronú kan àfọ́kù ìgò mọ́ kí n má rántí Dámilọ́lá Taylor. Èkó ni wọ́n bí i sí ní oṣù Kejìlá ọdún 1989. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2000, ó bá ìyá rẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ìtọ́jú ọmọ wọn obìnrin wà lára ohun tó gbé wọn lọ. Kò tó oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kọkànlá, ó ń ti ibi ìkàwé Peckham bọ̀ wá sílé, àfọ́kù ìgò wọ itan rẹ̀, ó gé iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá, ọmọ ọdún mẹ́wàá náà sì dà ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé títí ẹ̀mí fi bọ́. Ọjọ́ mẹ́wàá ló kù kó pé mọ́kànlá.

Ìdílé tó rin ìrìn àjò wá ìwòsàn, àìsàn tí ẹnikẹ́ni kò pè ní àìsàn ló gba ọmọ lọ́wọ́ wọn.

Ó gba ọdún mẹ́fà kí ilé ẹjọ́ tó rí àwọn tó ṣe é, ní 2006. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n. Ọmọ ọdún 12 àti 13 ni wọ́n nígbà tó ṣẹlẹ̀. Mo máa ń dúró lórí ọjọ́ orí yẹn. Ọmọ ọdún méjìlá kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń yá owó, ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń di ìgò mú. Ta ló kọ́ ọ? Ojú wo ló ti rí i? Lọ́dọ̀ ta ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti rí i? Ọdún mẹ́fà ni gbogbo Lọ́ńdọ̀nù fi béèrè ta ló pa á. Ọdún 2019 ni ìjọba ìlú náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ẹ̀ka tó ń béèrè ìyókù, lẹ́yìn tí Scotland ti ṣe é fún ọdún mẹ́rìnlá. Bàbá rẹ̀, Richard Taylor, kò dúró dè wọ́n. Ó fi orúkọ ọmọ náà dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ó sì ń bá àwọn ọ̀dọ́ ṣiṣẹ́ títí ó fi kú ní 2024.

Apá ni ti àbúrò mi, itan ni ti Dámilọ́lá. Ìwọ̀n ìka mélòó ló wà láàárín ẹni tó wá sílé àti ẹni tí kò wá?

## Ìwé olójú-ewé ogójì

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo padà lọ bá nọ́ọ̀sì náà. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo bẹ̀ ẹ́ fún ohùn tí mo fi dá a lóhùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó ní òun kò rántí, pé ohùn gbogbo ènìyàn rí bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ka pàjáwìrì. Mo gbé ìwé olójú-ewé ogójì kan jáde, mo ti fi rúlà fa ìlà sí i: ọjọ́, aago, ibi, ohun tí wọ́n lò. Kò sí ibi orúkọ. Ó ṣí i, ó wò ó pẹ́.

"Bó bá kún, ta ni màá gbé e fún?"

Mo ní kó gbé e fún mi ná. Ó ní òun á kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá òun. Ọ̀gá náà gbà, ó tilẹ̀ ní kí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru náà máa kọ ọ́.

Lánàá ló pè mí. Ìlà mọ́kànlá ló wà nínú rẹ̀. Mẹ́rin wá láti oríta wa, ìgò ni mẹ́ta nínú wọn, lẹ́yìn aago mẹ́wàá sì ni gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé ni ìpàdé àwọn onílé, bàbá onílé wa ti fi ọ̀rọ̀ náà sí i, ó sì ti ránṣẹ́ pe ẹni tó ni ilé ọtí. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì náà pé ẹ̀rù ń bà mí díẹ̀, pé ọkùnrin náà lè rò pé a fẹ́ ti ilé oúnjẹ òun.

Ó ní, "Ẹ má pariwo mọ́ ọn. Ẹ kàn bi í níbi tó ń kó òfìfo ìgò sí."